Wíwo ẹranko látinú ọkọ̀ ojú omi ní Okavango: ìbéèrè yín àti ìdáhùn wa

Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn tó fẹ́ lọ sí Okavango, ní orílẹ̀-èdè Botswana, máa ń bi wá jù lọ. Ẹni tí kò ráyè ka gbogbo rẹ̀, kókó rẹ̀ nìyí: ẹ jẹ́ kí omi pinnu ìgbà tí ẹ máa lọ, kí ohun tí ẹ fẹ́ rí sì pinnu irú ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ìrìnàjò yìí kì í dùn mọ́, wọn kò ro ọ̀kan nínú méjèèjì yìí kí wọ́n tó sanwó.

Ibo gan-an ni Okavango wà, báwo sì ni omi ṣe dé àárín ilẹ̀ gbígbẹ?

Apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Botswana ló wà, ìlú Maun sì ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ aṣálẹ̀ Kàlàhárì níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ omi rẹ̀ fi máa ń rú àlejò lójú. Òjò ibẹ̀ kọ́ ló ń kún un. Orí òkè Àǹgólà lọ́hùn-ún ni òjò ti ń rọ̀ sínú odò Cubango àti odò Cuito. Odò méjèèjì pàdé, wọ́n la ilẹ̀ tóóró kan ní Nàmíbíà kọjá, wọ́n sì wọ Botswana ní Mohembo. Láti ibẹ̀, odò ṣì ń ṣàn bí odò láàárín koríko papírọ́ọ̀sì tó ga ju èèyàn lọ. Apá yìí ni wọ́n ń pè ní Panhandle. Tó bá kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ò ní ríbi sáré sí mọ́, á wá tú ká sí ọ̀nà omi, adágún, irà àti erékùṣù lóríṣiríṣi. Kì í dé òkun. Oòrùn àti ewéko ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ gbẹ. Nǹkan bí ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ṣàn jáde nísàlẹ̀.

Oṣù wo ló dáa jù láti lọ?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á rò pé ìgbà òjò ni omi máa pọ̀. Ní Okavango, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lomi ń kún.

Òjò Àǹgólà máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Ṣùgbọ́n omi náà kì í yára. Ó máa ń dé Panhandle ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, á máa rá pálá wọ inú irà, kò sì ní dé Maun títí di nǹkan bí oṣù kẹfà tàbí ìkeje. Ìgbà tó bá fi máa dé, òjò Botswana ti dá, igbó ti gbẹ, ẹranko ò sì rí omi mu níbòmíì. Bí omi àti ẹranko ṣe ń pàdé nìyẹn.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi lẹ fẹ́ fi ṣe ìrìnàjò yín, oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ni mo máa yàn fún yín. Omi á ga, ojú ọ̀run á mọ́, ẹ̀fọn ò ní pọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, omi á ti máa fà, ooru á mú gan-an, ó lè tó ìwọ̀n 40 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì, àwọn ọ̀nà omi kéékèèké á ti gbẹ, ṣùgbọ́n ẹranko á kó jọ sí etí omi tó ṣẹ́ kù. Ẹni tó fẹ́ràn mọ́tò ju ọkọ̀ ojú omi lọ á gbádùn àsìkò yìí. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, òjò á máa rọ̀, àwọn ẹyẹ tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá á pọ̀, ẹranko á máa bímọ, owó ibùgbé á sì wálẹ̀. Àmọ́ koríko á ga, ẹ ò ní rí ọ̀pọ̀ nǹkan.

Omi kì í sì í bá èèyàn ṣe àdéhùn. Ní 2019, ọ̀dá mú débi pé odò Thamalakane tó gba Maun kọjá gbẹ. Kí ẹ tó san owó ọkọ̀, ẹ bi àwọn tó ni ibùdó pé: “Báwo lomi ṣe wà lọ́dọ̀ yín lọ́dún yìí?” Ẹni tó bá dá yín lóhùn pé kò séwu, omi máa ń wà nígbà gbogbo, ẹ bi ẹlòmíì.

Irú ọkọ̀ mélòó ló wà?

Méjì ló ṣe kókó: mokoro àti ọkọ̀ alẹ́ńjìnnì.

Mokoro ni ọkọ̀ tóóró tó rí pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn tì. Ngashi lorúkọ ọ̀pá náà. Àwọn Wayeyi ló mú irú ọkọ̀ yìí wọ agbègbè náà nígbà tí wọ́n ṣí wá láti àríwá ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Láyé ìjọ́un, odindi ìtì igi ni wọ́n ń gbẹ́, pàápàá igi dúdú àti pàndòrò, igi kan náà tí àwọn àgbà wa ń fi èso rẹ̀ ṣe egbòogi. Lóde òní, fáíbà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn kí wọ́n má baà gé igi tán. Èrò méjì ló ń jókòó sínú rẹ̀, atukọ̀ á dúró lẹ́yìn. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní ariwo. Gbogbo ohun tí ẹ máa gbọ́ ni omi tó ń kán lára ọ̀pá àti ewé esùsú tó ń ha ara ọkọ̀. Ibi tí omi ò jìn ló ń gbà.

Ọkọ̀ alẹ́ńjìnnì ló ń gba ojú odò tó fẹ̀ tó sì jìn. Òun ló lè gbé yín dé ibi tó jìnnà láàárín wákàtí díẹ̀, òun náà ló lè dúró lọ́ọ̀ọ́kán kí ẹ wo ọ̀wọ́ erinmi, òun lẹ sì máa wọ̀ bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò erin tó ń sọdá odò. Bí ẹni tó ń wà á bá mọṣẹ́, yóò pa ẹ́ńjìnnì kó tó súnmọ́ ẹranko, á jẹ́ kí omi máa gbé ọkọ̀ lọ fúnra rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọ̀kan fún yín bíi pé òun ni èkejì. Àwọn kan á wọ mokoro, wọ́n á máa wá erin kiri, wọ́n á bínú wálé. Àwọn míì á wọ ọkọ̀ alẹ́ńjìnnì, wọ́n á ní ariwo pọ̀. Bí owó bá wà, ẹ wọ méjèèjì. Bí owó ò bá tó, ẹ kọ́kọ́ ronú sí ohun tó wù yín rí.

Ṣé màá rí kìnnìún látinú ọkọ̀?

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ torí ẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Kìnnìún àti àmọ̀tẹ́kùn wà ní Okavango dáadáa, ajá inú igbó náà wà. Mọ́tò ni wọ́n fi ń wá wọn. Ibi tó dáa fún un ni Moremi, ọgbà ẹranko tí àwọn Batawana fúnra wọn yà sọ́tọ̀ ní 1963 lórí ilẹ̀ wọn, nígbà tí ọdẹ pípa fẹ́ run ẹranko ibẹ̀ tán. Ọba wọn, Moremi Kẹta, ni wọ́n fi orúkọ náà sọrí. Mọrèmi Àjàṣorò tiwa kò bá a tan o.

Kí wá ni èèyàn ń rí látinú mokoro?

Ohun tó wà nílẹ̀. Ojú yín ò ní fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi lọ, àwọn nǹkan tí ẹni tó wà nínú mọ́tò ń tẹ̀ kọjá ni yóò wá kún iwájú yín.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Òṣíbàtà ibẹ̀ pọ̀ débi pé ọkọ̀ á máa ya ewé rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Lórí ewé náà ni ẹ ti máa rí jakánà, ẹyẹ aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ọrùn rẹ̀ funfun, àwo búlúù kan wà níwájú orí rẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ kí ti ẹyẹ tó tó o gùn lọ, ìdí nìyẹn tí ewé fi ń gbé e. Akọ ló ń sàba lé ẹyin, òun náà ló ń tọ́ ọmọ. Abo ti lọ wá akọ mìíràn. Bí ewu bá dé, akọ á kó àwọn ọmọ sí abẹ́ ìyẹ́, á dìde, ẹ ó sì máa rí ẹsẹ̀ wínníwínní mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó ń ṣe jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ lábẹ́ apá rẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ ti jẹ owó yín.

Atukọ̀ lè fi ọwọ́ fa igi esùsú kan súnmọ́ yín, kó sì fi ọ̀pọ̀lọ́ tí kò tó èékánná àtàǹpàkò hàn yín, tó rọ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí láti fi sinmi oòrùn. Kò sí bí ẹ ṣe máa rí i fúnra yín. Nírọ̀lẹ́, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ yìí ló ń fi ariwo gba gbogbo irà, kékeré ara wọn kò sì jọ ariwo wọn rárá.

Ẹyẹ apẹja aláwọ̀ búlúù àti ọsàn máa ń jókòó sórí koríko kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ kò wúwo tó láti tẹ̀ ẹ́. Idì apẹja, olórí funfun, máa ń ké lórí igi, orí sẹ́yìn, ẹnu sókè. Ẹ ó rí àgbọ̀nrín tí wọ́n ń pè ní lechwe. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju ti iwájú lọ, pátákò rẹ̀ sì gùn, inú omi ló ń sá sí bí kìnnìún bá lé e. Ìbátan rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ sitatunga, tó ń tìjú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun á rì sínú omi, imú nìkan lẹ máa rí lókè. Ọ̀pọ̀ amọ̀nà ni kì í tètè rí i.

Àjọ UNESCO ka oríṣi ẹyẹ 482 àti ẹranko afọ́mọlọ́mú 130 fún Okavango. Ẹ má tìtorí iye yẹn máa fi ìwé ṣírò; atukọ̀ tó bá rí i pé iye lẹ ń wá á máa sáré kiri ni.

Òótọ́ ni pé erinmi ń pani?

Òótọ́ ni. Ẹ̀rù rẹ̀ ló yẹ kó bà yín ju ti kìnnìún lọ.

Erinmi ò lè lúwẹ̀ẹ́ bí a ṣe rò. Ìsàlẹ̀ odò ló ń rìn, á fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, á gbéra, á tún balẹ̀. Ó lè wà nísàlẹ̀ omi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó wá mí. Lọ́sàn-án, inú omi ló ń gbé nítorí pé oòrùn máa ń bó awọ rẹ̀. Lálẹ́ ló ń jáde lọ jẹ koríko. Ohun méjì ló ń bí i nínú: kí èèyàn wà láàárín òun àti omi jíjìn, àti kí ọkọ̀ já lù ú láìròtẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni ẹ ó ṣe rí i tí atukọ̀ ń fi ọ̀pá kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nígbà tó bá fẹ́ ya kọ́nà tí kò ríran kọjá. Ó ń jẹ́ kí erinmi mọ̀ pé àlejò ń bọ̀ ni.

Bí ẹ bá rí i tó la ẹnu gbàgà, tí eyín ńlá ìsàlẹ̀ sì yọ síta, kò yán o. Ó ń kìlọ̀ ni. Bí ọ̀wọ́ ìfófòó bá ń bọ̀ lójú omi lọ́nà títọ́, tó kọjú sọ́dọ̀ yín, erinmi ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Atukọ̀ á ti rí i kí ẹ tó rí i. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ má dìde, kí ẹ má ké, kí ẹ sì ṣe ohun tó bá ní kí ẹ ṣe. Bó bá ní kí ẹ padà, ẹ má ṣe bá a jiyàn torí fọ́tò.

Síbẹ̀, erinmi wúlò gan-an. Ọ̀nà tó ń tọ̀ láti inú omi lọ sí ibi koríko lójoojúmọ́ ló ń la papírọ́ọ̀sì tó fẹ́ dí odò. Ọ̀nà yẹn lomi ń gbà, ọ̀nà yẹn náà sì ni mokoro ń gbà. Ọ̀gán lẹni kejì tó ń ṣe iṣẹ́ yìí: ibi tí ikán bá mọ òkìtì sí kì í rì, ẹyẹ á bà lé e, á ṣu èso sílẹ̀, igi á hù, ó bá di erékùṣù. Ọ̀pọ̀ erékùṣù tí ẹ máa gúnlẹ̀ sí láti mu tíì, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀nì ńkọ́?

Ó wà, ó sì tóbi. Ẹ má ki ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bọ omi, ẹ má fọ abọ́ létí odò, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dúró sí bèbè. Bí ẹ bá pa á mọ́, ojú lásán lẹ máa fi wò ó, yóò la ẹnu sílẹ̀ sí oòrùn lórí iyanrìn.

Mi ò mọ̀ wẹ̀ẹ̀, ṣé mo lè lọ?

Ẹ lè lọ. Ọ̀pọ̀ ibi tí mokoro ń gbà, omi ò ju ìbàdí lọ. Nínú ọkọ̀ alẹ́ńjìnnì, ẹ béèrè ẹ̀wù agbanilọ́wọ́ omi kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ kí ẹ dì í. Ibùdó tí kò bá ní, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tó máa ń dé bá àwọn èèyàn jù nínú mokoro kì í ṣe omi, ìbẹ̀rù ọkọ̀ tó ń mì ni. Ẹ máa wò ó pé ó fẹ́ dà nù láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹ fi ìdí le ilẹ̀ ọkọ̀ dáadáa, ẹ dẹ èjìká, ẹ jẹ́ kí atukọ̀ nìkan máa ṣe ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Aṣọ wo ni kí n kó lọ?

Aṣọ òtútù. Àwọn ará wa kì í gbà wá gbọ́ lórí èyí. Oṣù kẹfà, ìkeje àti ìkẹjọ ni ìgbà òtútù ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà, ìwọ̀n òtútù ìdájí sì lè wálẹ̀ dé 5 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì. Wọ́n á jí yín kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ó jókòó sínú ọkọ̀ alẹ́ńjìnnì tí kò lórùlé, atẹ́gùn á sì máa fẹ́ lu yín lójú. Súwẹ́tà nípọn, fìlà tó bo etí, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ẹ ó ti máa bọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí ewé, ẹ fi funfun báláú àti àǹkárá aláràbarà sílẹ̀ de ọjọ́ ayẹyẹ. Fìlà tó ní etí gbòòrò, ìpara oòrùn (àwa aláwọ̀ dúdú náà, oòrùn tó ń ta padà lórí omi kò mojú ẹnikẹ́ni), àti bainọ́kúlà. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó ra ohun kan ṣoṣo fún ìrìnàjò yìí, bainọ́kúlà ni kí ẹ rà. Ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan o, kí tọkọtaya má baà jà lórí idì.

Abẹ́rẹ́ àti oògùn wo ló pọn dandan?

Àwa tí à ń bọ̀ láti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mú káàdì yẹ́lò dání, ìyẹn ẹ̀rí pé a ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Láìsí i, wọ́n lè dá yín padà ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ibà ẹ̀fọn wà lágbègbè Okavango, pàápàá láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹfà. Ẹ má sọ pé ibà ti mọ̀ yín lára láti kékeré. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn tí wọ́n ń lò kí ibà má baà mú èèyàn. Ẹ wọ aṣọ apá gígùn lálẹ́, kí ẹ sì pa ìpara alé-ẹ̀fọn. Àtọ̀sí ajá náà wà nínú omi tí kò ṣàn, ìdí kejì nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni lúwẹ̀ẹ́. Irù tó ń fa àrùn sunrunsunrun ti dààmú ibẹ̀ rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2001 àti 2002 ni wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú fín oògùn sí irà náà, tí irù sì kúrò níbẹ̀.

Báwo ni èèyàn ṣe ń débẹ̀?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba Johannesburg, wọ́n á wọ bààlú míì lọ sí Maun. Ọ̀rọ̀ físà máa ń yí padà, ẹnu ilé-iṣẹ́ aṣojú Botswana ni kí ẹ ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ọ̀rẹ́ tó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ ranti pé ẹ lè nílò ìwé fún orílẹ̀-èdè tí ẹ máa gbà kọjá pẹ̀lú.

Láti Maun sínú irà, bààlú kékeré ló ń gbé èèyàn dé ọ̀pọ̀ ibùdó. Wọn kì í gba àpótí líle. Báàgì rírọ̀ ni, ìwọ̀n rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ kílò 20 pẹ̀lú báàgì ọwọ́ àti kámẹ́rà. Àwa tí a máa ń di ẹrù bí ẹni tó ń lọ bá ọmọ gbé nílùú òyìnbó, ẹ rọra o.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ tí bààlú bá gbéra. Ẹ ó rí ipasẹ̀ ẹranko tó dábùú irà bí okùn, láti erékùṣù dé erékùṣù.

Kí ló dé tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Ètò ìjọba Botswana ni: kí àlejò kéré, kí owó wọn pọ̀, kí ilẹ̀ má baà bàjẹ́. Nítorí náà ibùdó inú irà kì í ní yàrá púpọ̀, bààlú ló sì ń gbé oúnjẹ àti epo lọ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Gbogbo rẹ̀ wà nínú owó tí ẹ ń san.

Ọ̀nà tó rọjú wà. Ẹ sùn ní Maun, kí ẹ sì lọ sí ibùdókọ̀ mokoro bíi ti abúlé Boro, níbi tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ti ń tukọ̀. Ẹ lè lọ ní òwúrọ̀ kí ẹ dé nírọ̀lẹ́, tàbí kí ẹ gbé àgọ́ dání, kí ẹ sùn mọ́jú lórí erékùṣù. Kò sí bẹ́ẹ̀dì olówó ńlá, ẹ̀yin lẹ máa gbé oúnjẹ yín. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju ti ibùdó olówó iyebíye lọ, torí pé atukọ̀ tí ẹ bá jọ dá iná alẹ́ ló ń sọ ìtàn fún yín, kì í ṣe ìwé pélébé tó wà lórí tábìlì.

Ṣé mo lè gbé oúnjẹ tèmi dání?

Bẹ́ẹ̀ ni, àfi ẹran tútù. Wọ́n fi wáyà gígùn pààlà láàárín ibi tí ẹfọ̀n igbó wà àti ibi tí màlúù wà, nítorí àrùn ẹnu àti pátákò. Lẹ́nu géètì wáyà náà, òṣìṣẹ́ á yẹ ọkọ̀ wò, á gba ẹran tútù, á sì ní kí ẹ tẹ bàtà yín mọ́ oògùn. Ẹ má bá a jà, ẹran màlúù tí wọ́n ń tà sókè òkun ni wọ́n ń dáàbò bò.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́ bí a bá wà lórí omi?

Ẹ sọ fún atukọ̀. Á wá erékùṣù, á kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn igbó náà fúnra rẹ̀, kó tó ní kí ẹ lọ. Ẹ má ṣe dá lọ kó tó wò ó. Ẹ kó bébà tí ẹ bá lò padà sínú ọ̀rá.

Fọ́tò àti dúróònù?

Fọ́tò, ẹ yà á bó ṣe wù yín. Fóònù ò ní tó fún ẹyẹ, ó tó fún erin. Ẹ fi fóònù sínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ ọwọ́. Dúróònù, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Láìgba àṣẹ, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín.

Nígbà wo ni ẹja àrọ̀ ń ṣọdẹ?

Àwọn tó mọ Okavango dáadáa ló ń béèrè èyí, inú wa sì máa ń dùn. Bí omi bá ń fà ní Panhandle, ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ẹja kéékèèké tó sá pamọ́ sínú papírọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sínú odò. Àrọ̀ á kóra jọ ní ọ̀wọ́ ńlá, wọ́n á máa fi ìrù na koríko, wọ́n á máa la ẹnu dúró. Omi á máa hó kùtùkùtù. Ọ̀nì á wá, lékèélékèé àti àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn á tò sórí koríko, gbogbo wọn á jọ máa jẹun pọ̀. Àsìkò kan náà ni àwọn ẹyẹ pupa fòò tó ń jẹ kòkòrò oyin máa ń gbẹ́ ihò sí bèbè odò láti yé ẹyin. Ọkọ̀ alẹ́ńjìnnì lẹ nílò fún èyí, kò sì sẹ́ni tó lè ṣèlérí ọjọ́ tó máa bọ́ sí.

Chobe ńkọ́? Àwọn kan ní ibẹ̀ rọrùn jù.

Ó rọrùn jù lóòótọ́. Kasane, ní apá àríwá ìlà-oòrùn Botswana, ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ sórí odò Chobe, ọ̀nà mọ́tò sì dé ibẹ̀ dáadáa. Botswana ló ní erin jù lọ láyé, nǹkan bí 130,000, etí odò Chobe sì ni ibi tó rọrùn jù láti rí wọn látinú ọkọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á wá mu omi, àwọn míì á sọdá sí erékùṣù Sedudu láti jẹ koríko. Ẹ ó máa rí ọwọ́jà nìkan tó yọ sókè omi láti fi mí. Botswana àti Nàmíbíà ti fa erékùṣù yẹn mọ́ra wọn lọ́wọ́ rí, títí ilé-ẹjọ́ àgbáyé ní Hague fi dá a fún Botswana ní 1999.

Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ni èrò. Ọkọ̀ lè pọ̀ yí erin kan ká. Ẹ wá ọkọ̀ kékeré, kí ẹ sì gba ti òwúrọ̀, ti ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo ayé ń rọ́ lọ. Ẹni tó ní ọjọ́ díẹ̀ tó sì fẹ́ rí erin, kó lọ sí Chobe. Ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́rọ́rọ́, Okavango ni.

Ṣé irà yìí kò ní gbẹ lọ́jọ́ iwájú?

Ọwọ́ àwọn tó wà lókè odò ló wà. UNESCO fi Okavango ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹgbẹ̀rún nínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2014, ṣùgbọ́n ìdáàbòbò yẹn kò dé Àǹgólà níbi tí omi ti ń wá. Bí wọ́n bá kọ́ ìsédò tàbí tí wọ́n fa omi púpọ̀ sí oko lọ́hùn-ún, ìsàlẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Àǹgólà, Nàmíbíà àti Botswana dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1994, OKACOM, láti máa jọ jíròrò lórí odò náà. Lójú tèmi, ìgbìmọ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ọgbà ẹranko tó wà nísàlẹ̀ lọ.

Èdè wo ni wọ́n ń sọ?

Setswana àti Gẹ̀ẹ́sì. Bíi tiwa, ìkíni ló ń ṣíwájú ọ̀rọ̀. “Dumela, rra” fún ọkùnrin, “Dumela, mma” fún obìnrin. Ẹ má ṣe bá atukọ̀ sọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó kí i.

Ṣé a máa ń fún atukọ̀ lówó lẹ́yìn iṣẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, kò sì pọn dandan. Ẹ mú pula, ìyẹn owó Botswana, tí ẹ ti ṣẹ́ dání láti Maun, torí kò sí báńkì nínú irà. Ẹ fi lé e lọ́wọ́ fúnra yín, lọ́jọ́ tí ẹ máa kúrò. Àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibùdó, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń pín in, owó ibẹ̀ sì lè pẹ́ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó fi ọ̀pá tì yín kiri láti òwúrọ̀.